Ìwé Pé, Ẹ̀jẹ̀ Pé, Ilẹ̀kùn Ò Ṣí: Ọ̀rọ̀ Lena Ferguson àti Ẹgbẹ́ DAR

Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ni Lena Lorraine Santos Ferguson. Obìnrin dúdú ni, Washington tó jẹ́ olú-ìlú Amẹ́ríkà ló sì ń gbé. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ó pinnu láti wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Daughters of the American Revolution, èyí tí gbogbo èèyàn gé kúrú sí DAR. Ẹgbẹ́ ìdílé ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti ara ẹnì kan wá, ẹni tó lọ́wọ́ nínú ogun tí Amẹ́ríkà fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ferguson ní baba ńlá bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwé tó fi í hàn. Ó tún rí ọmọ ẹgbẹ́ méjì, òyìnbó làwọn méjèèjì, tí wọ́n gbà láti ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí ọdún mẹ́rin ló fi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn tó máa ń sọ ìtàn yìí ní ṣókí á ní wọn ò gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì dákẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká wo ojú ibi tí ìdènà náà wà gan-an, torí pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Nínú ẹgbẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ìwé ìdílé, ẹnikẹ́ni kò rí àléébù kankan nínú ìwé ìdílé obìnrin yìí.

Ẹgbẹ́ tó ń so ìdílé pọ̀ mọ́ ogun òmìnira kò kéré ní Amẹ́ríkà. Àgbà wọn ni Society of the Cincinnati, tí àwọn ọ̀gá ológun fúnra wọn dá sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1783, kí wọ́n tó tú ká lọ sílé. George Washington ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ọ̀gá ológun nìkan ló wà fún, àkọ́bí ọkùnrin ló sì ń bọ́ sí àyè baba rẹ̀ bí ẹni tó ń jogún oyè. Àwọn obìnrin tó jáde láti ìdílé àwọn ọ̀gá yìí kò rí ìjókòó níbẹ̀, ni wọ́n bá dá tiwọn sílẹ̀ ní 1894, Daughters of the Cincinnati. Irú ẹgbẹ́ báyìí, ojú ọ̀nà rẹ̀ há fún aláwọ̀ dúdú. Ìdí ni pé òyìnbó lọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó jẹ́ ọ̀gá nínú ogun náà. Louis Cook lẹni tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ tí kì í ṣe òyìnbó: aláwọ̀ dúdú ni baba rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Abenaki, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Wọ́n fi í joyè lieutenant colonel ní 1779. Lẹ́yìn rẹ̀, agbára káká lèèyàn fi lè rí ẹlòmíràn dárúkọ.

DAR gbòòrò ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ pàápàá, ẹ̀rín ń bẹ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti ní Sons of the American Revolution láti 1889, wọ́n sì dìbò pé àwọn ò gba obìnrin. Inú bí àwọn obìnrin. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1890, wọ́n pé jọ ní Washington, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì fi Caroline Harrison, ìyàwó ààrẹ orílẹ̀-èdè ìgbà náà, ṣe ààrẹ àpapọ̀ àkọ́kọ́. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wọn lójú ló bí ẹgbẹ́ náà. Mo kàn ń sọ ọ́ ni o.

Lọ́dọ̀ tiwọn, kò dandan kí baba ńlá rẹ jẹ́ ọ̀gá. Ó lè jẹ́ ọmọ ogun lásán, ó lè jẹ́ atukọ̀, ó lè jẹ́ ẹni tó kó oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun, ó sì lè jẹ́ ẹni tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ ogun nílùú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí iṣẹ́ náà bọ́ sáàárín ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1775, ọjọ́ tí ìbọn àkọ́kọ́ nínú ogun náà dún ní Lexington, àti ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 1783, ọjọ́ kejì tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù wọn kúrò ní New York.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé tí DAR ń wò, inú fáìlì ló wà. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá àgbà kan á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á wo ojú rẹ, á ní ọmọ lágbájá lo jẹ́, á sì fi oríkì tì í lẹ́yìn. Ó parí. Níbẹ̀, ìran kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀: ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ikú, àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ogún, ohunkóhun tó bá ti lè so ọmọ mọ́ òbí. Bí ìran kan bá já láàárín, gbogbo rẹ̀ ti já. Ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ kò lè gba orí òbí tó tọ́ ọ wọlé, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Àwọn onímọ̀ ìtàn ìdílé wà ní olú ilé ẹgbẹ́ náà ní Washington tó jẹ́ pé kí wọ́n máa yẹ ìwé yìí wò ni iṣẹ́ wọn, ilé ìkàwé ibẹ̀ sì wà lára àwọn tó tóbi jù lọ fún ìtàn ìdílé ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ibi ìwé yìí ni ọ̀nà ti ń dí mọ́ ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí ìjọba ka àwọn ènìyàn ní 1850 àti 1860, orúkọ olówó ẹrú ni wọ́n kọ. Àwọn ẹrú fúnra wọn, ọjọ́ orí wọn ni wọ́n kọ, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí, wọn kì í sábà kọ orúkọ. Ìkànìyàn ọdún 1870 ló kọ́kọ́ dárúkọ gbogbo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lóko ẹrú. Ẹni tó bá ń tọ ipasẹ̀ baba ńlá rẹ̀ lọ sí ìgbà ogun náà, ní 1776, á rìn títí dé 1870, á wá fi orí sọ ògiri. Bí DAR bá fẹ́ ti Ferguson dà nù pẹ̀lú ọgbọ́n, ibẹ̀ ni à bá retí pé kí wọ́n ti mú un. Wọn ò rí i mú níbẹ̀.

Jonah Gay ni baba ńlá tó gbé wá. Ìlú kékeré kan létí òkun ní Maine tí wọ́n ń pè ní Friendship lónìí ni ọkùnrin náà ń gbé, nígbà tí Maine ṣì wà lábẹ́ Massachusetts. Kì í ṣe ọ̀gá ológun. Ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú ni, ohun tó ṣe níbẹ̀ láti ran ogun lọ́wọ́ sì tó fún DAR láti kà á mọ́ àwọn tó gba òmìnira. Òyìnbó ni Jonah Gay. Ẹni tí ìyẹn bá yà lẹ́nu kò tíì mọ Amẹ́ríkà dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé dúdú níbẹ̀, baba ńlá òyìnbó kò jìnnà. Àkọsílẹ̀ tó gbà pé òun ni baba ni kì í sábà sí. Ti Ferguson wà, ó sì pé. Maurice Barboza, agbẹjọ́rò tí Ferguson jẹ́ àǹtí rẹ̀, ló dúró tì í tó sì jẹ́ kó ṣeé ṣe láti máa fi òfin bá ọ̀rọ̀ náà yí nígbà tó yá. Ferguson fúnra rẹ̀ ní ìyá òun àti bàbá òun lòun fẹ́ bu ọlá fún, àti ìran òun, dúdú àti funfun. Pé òun fẹ́ kí àwọn obìnrin dúdú yòókù gba gbogbo ìran wọn mọ́ra, kì í ṣe apá kan.

Ibi tó ti wọ́ rèé. Nínú òfin DAR nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó. Ẹni tó fẹ́ wọlé tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ tẹ́wọ́ gbà, ẹ̀ka tó wà ládùúgbò ló sì ń sọ bóyá àwọn tẹ́wọ́ gbà á tàbí àwọn kò tẹ́wọ́ gbà á. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ ìdí. Gbólóhùn kékeré yìí ni gbogbo ilé ìkàwé àti gbogbo fáìlì wọn kò lè borí. Onígbọ̀wọ́ Ferguson méjèèjì gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ní Washington, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì sọ fún wọn ní kọ̀rọ̀ pé àwọn ò fẹ́ ẹ torí pé dúdú ni. Àwọn obìnrin méjì yìí kò dákẹ́ o. Wọ́n sọ ọ́ síta, wọ́n gbà kí ìwé ìròyìn kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Lójú tèmi, láìsí ẹnu àwọn méjèèjì, ẹjọ́ náà ì bá kú síbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nínú pálọ̀ kì í ní ìwé.

Ohun tí wọ́n fi rẹ̀ Ferguson lẹ́kún ni pé kó wà nínú ẹgbẹ́ láìní ẹ̀ka. Èyí túmọ̀ sí pé orúkọ rẹ̀ á wà nínú ìwé ní olú ilé, owó ọdọọdún rẹ̀ á máa wọlé, ṣùgbọ́n kò ní ibi tó lè jókòó sí nípàdé, kò lè dìbò, kò sì lè di ipò mú. Àwa náà mọ irú èyí. Òun ni bí ìgbà tí wọ́n ní o jẹ́ ọmọ ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n má wá síbi tí wọ́n ti ń pín ẹran. Ferguson ní òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òfin gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń dí i lọ́nà. Ní 1977, ẹ̀ka kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, tí wọ́n ń pè ní Ezra Parker, ti gba Karen Farmer, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà mọ̀ pé ó wọlé. Òun náà tọ ipasẹ̀ baba ńlá òyìnbó kan wọlé, William Hood, tó wà lára àwọn ọmọ ogun Pennsylvania. Ìwé kan náà, òfin kan náà, ẹ̀ka méjì, èsì méjì. Olú ìlú, níbi tí ààfin ẹgbẹ́ náà wà gan-an, ni wọ́n ti kọ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1984, ìròyìn náà jáde lójú ìwé kìn-ín-ní The Washington Post, Ronald Kessler ló kọ ọ́. Ó ti lọ bá ààrẹ àpapọ̀ DAR nígbà náà, Sarah M. King, láti gbọ́ tẹnu rẹ̀. King ṣàlàyé pé ẹ̀ka àwọn lé ní 3,000, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló sì ń yan ẹni tó wù ú. Kessler bi í pé ṣé ó dáa kí ẹ̀ka kan lé èèyàn nítorí àwọ̀. Obìnrin náà fi ìbéèrè dá a lóhùn: bí èèyàn bá pe àwọn kan wá jẹun nílé rẹ̀, tí ẹnì kan tí kò fẹ́ rí wá takú pé dandan lòun máa wá, kí ni onílé á ṣe? Ó tún fi kún un pé àwọ̀ dúdú kọ́ ni ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń kọ èèyàn. Àwọn kan, nítorí pé wọ́n ti kọ ọkọ ni. Àwọn kan, ọ̀tá àdúgbò ló bá wọn jà. Àwọ̀ dúdú, ó ní, jìnnà sísàlẹ̀ nínú àwọn ìdí náà.

Mo ka ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín, nítorí nílé tiwa, mo-gbọ́-mo-yà ní àyè tirẹ̀ ní gbogbo ìnáwó, ìrẹsì rẹ̀ sì ń jáde. Ṣùgbọ́n ju ẹ̀rín lọ, ìdáhùn náà tú àṣírí. Bí DAR bá jẹ́ àpèjẹ ilé ẹnì kan, kí ni wọ́n ń fi ìwé ìbí ìran mẹ́fà ṣe? Ẹni tó bá ń se oúnjẹ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í bèèrè ohun tí baba ńlá ọ̀rẹ́ náà ṣe ní 1776. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń wọlé, Ferguson kì í ṣe àlejò nínú ilé náà. King fẹ́ jẹ méjèèjì pọ̀: ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá ń yangàn, àpèjẹ nígbà tó bá ń lé èèyàn.

Ariwo sọ. Àwọn àgbàlagbà Washington kò sì tíì gbàgbé pé ẹgbẹ́ yìí ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 1939, Howard University fẹ́ kí Marian Anderson, olórin dúdú tí gbogbo Yúróòpù ti ń pàtẹ́wọ́ fún, kọrin ní Constitution Hall, gbọ̀ngàn ńlá tí DAR kọ́ ní 1929. DAR ní kò ṣeé ṣe. Olórin òyìnbó nìkan ni ìwé àdéhùn gbọ̀ngàn náà gbà. Eleanor Roosevelt, ìyàwó ààrẹ orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Harold Ickes, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, yọ̀ǹda iwájú ère Lincoln, Anderson sì kọrin níbẹ̀ ní gbangba lọ́jọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, níwájú bí 75,000 ènìyàn, pẹ̀lú rédíò tó ń gbé e kárí orílẹ̀-èdè. Ó padà kọrin nínú gbọ̀ngàn náà ní 1943, ṣùgbọ́n àpá 1939 kò kúrò lára DAR. Ọdún 45 lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ferguson tún wá ṣí ojú egbò náà.

Ìtìjú nìkan kọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn o. Ilé DAR ní Washington gba òpópónà kan gbáko, kò jìnnà sí ilé ìjọba White House, wọn kì í sì í san owó orí lórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Washington, ìlú tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú rẹ̀ lákòókò náà, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹgbẹ́ tó bá ń yan àwọ̀ á máa san owó orí bí àwọn yòókù. Ẹ fojú inú wo iye tí ilé bẹ́ẹ̀ máa jẹ́ ní irú ibẹ̀. Láìpẹ́, ohùn King yí padà. Ó ní ó yẹ kí wọ́n ti gba Ferguson wọlé, pé wọn kò tọ́jú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mi ò sọ pé obìnrin náà kò ronú pìwà dà. Mo ń sọ pé ọ̀nà ìrònúpìwàdà rẹ̀ gba ibi ìwé owó orí kọjá.

Kí ọdún 1984 tó parí, àdéhùn ti wà láàárín Ferguson àti ẹgbẹ́ náà. Ó rí ẹ̀ka kan wọ̀ ní Washington. Ju ìyẹn lọ, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé ẹ̀ka kankan kò gbọ́dọ̀ kọ èèyàn nítorí àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn. Mo gbé Ferguson ga níbí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bá ti fún ní àga á jókòó, ọ̀rọ̀ á sì tán. Òun àti Barboza tún tẹ̀ lé e pé kí ẹgbẹ́ náà lọ wá orúkọ àwọn ọmọ ogun dúdú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí baba ńlá tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó gba ọ̀dọ̀ òyìnbó kankan kọjá.

Orúkọ náà wà o. Àwọn òpìtàn ń fojú bù ú pé bí 5,000 aláwọ̀ dúdú ló jà níhà ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn ni Prince Estabrook, ẹrú ará Lexington, tí ìbọn bà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1775 gan-an, ọjọ́ tí DAR fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ òǹkà rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìwé yẹn, ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú ti wà lójú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí náà pẹ́ kó tó pọ́n. Ní 2008, DAR tẹ ìwé ńlá kan jáde tó kó orúkọ àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó lé ní 6,600 jọ, àwọn tó sin ogun náà. Ẹni tó bá rí orúkọ baba ńlá rẹ̀ níbẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀ láti orí rẹ̀.

Barboza ní tirẹ̀ gbé àlá mìíràn dání: kí wọ́n kọ́ ibi ìrántí fún àwọn ọmọ ogun dúdú wọ̀nyẹn sí àárín Washington. Ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà á láyè ní 1986, wọ́n fi ilẹ̀ hàn án, oníṣẹ́ ọnà Ed Dwight ṣe àwòrán rẹ̀. Owó kò pé. Àṣẹ tí wọ́n fún un kú ní 2005 láìjẹ́ pé wọ́n to òkúta kan lé òmíràn. Barboza kò jáwọ́, ó tún lọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. DAR ní tiwọn ń yí díẹ̀díẹ̀. Ní 2019, Wilhelmena Rhodes Kelly di olórí ẹgbẹ́ náà ní ìpínlẹ̀ New York, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ náà kárí Amẹ́ríkà.

Ferguson kò sí láyé mọ́ kí ìwé orúkọ yẹn tó jáde. Lẹ́yìn tó wọlé, ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ nínú DAR ti Washington tó ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ó sì ṣe alága rẹ̀. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni nígbà náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2004 ló kú, lẹ́ni ọdún 75, ogún ọdún lẹ́yìn ìròyìn ojú ìwé kìn-ín-ní yẹn.